Aró Tó Tàn Lápá Adéòjó

Eku kẹjọ ló kọ́kọ́ jẹ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Adéòjó ṣí àgò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan láti kó lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń sùn lé, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ òsì ẹran náà ti kúrú. Ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀, ó ń lá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó jẹun tán. Kò ké, kò sá sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojú ẹran tó jẹ àgbàdo.

Ọdún kẹta rèé tí Adéòjó ti ń tọ́jú eku funfun ní ilé ìwádìí kékeré kan lẹ́yìn Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ó mọ ohun tí wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n gé iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara fi ń mọ̀ pé iná jó òun tàbí pé ẹ̀gún gún òun. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ kò ti mọ nǹkan kan. Eku náà kò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni mọ́. Ó rí ẹran níwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

Adéòjó fi ọwọ́ òsì pa àgò náà dé. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ọmọńdinrín níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ gan-an. Àtàǹpàkò mọ̀ pé òun tẹ nǹkan. Ọmọńdinrín kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tẹ òun.

Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ọwọ́ náà ti wà bẹ́ẹ̀. Ìjì ló ṣí páànù òrùlé ilé eku, Adéòjó gun àga láti fà á sípò, páànù yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gé e lókè ọrùn ọwọ́, lápá ibi tí ọmọńdinrín wà. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò rán an ní ojú mẹ́rin, egbò sì jinná láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹni tó bá wo apá náà lóde yóò ní ó ti tán. Inú ni kò tán. Ọmọńdinrín àti ìdajì ìka tó tẹ̀ lé e kú fin-ín-fin-ín, wọ́n sì ń ká wọlé díẹ̀díẹ̀ bí èékánná ẹyẹ tó kú. Ọwọ́ tó fi ń gbá ilẹ̀, tó fi ń di eku mú, tó fi ń jẹun ni. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé méjì tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, kí ló tún ní ju ọwọ́ ọ̀tún lọ?

Ẹni tó yẹ kí ó sọ fún wà ní yàrá kejì. Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ ló ni ilé ìwádìí náà, obìnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Dókítà ìwé ni, kì í ṣe dókítà tó ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára tó gbọgbẹ́ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí Adéòjó bá ká apá aṣọ sókè níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti yé e kó tó lanu. Adéòjó kò ká apá aṣọ sókè. Oṣù keje rèé tí kò ti bá obìnrin náà sọ ju “ẹ káàárọ̀” àti “mo ti fún wọn lóúnjẹ” lọ.

Ohun tó fà á kò ju ìgò kan lọ. Àwọn àlejò wá láti yunifásítì lọ́jọ́ náà, mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n wọ aṣọ tó dáa. Wọ́n wá ìgò kan tì. Ọ̀kan nínú wọn bi Adéòjó bóyá òun ló gbé e, kí Adéòjó sì tó dáhùn, Dókítà ti sọ pé kí wọ́n má yọ bàbá yẹn lẹ́nu, pé kò parí ìwé mẹ́fà, kò lè ka ohun tó wà lára ìgò kó tó wá mọ èyí tí yóò gbé. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ tán ni Dókítà rí ìgò náà nínú fíríìjì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí. Adéòjó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó rí i. Dókítà tilẹ̀kùn fíríìjì, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni Adéòjó ti di ọ̀rọ̀ náà sínú bí ẹni di owó sí ìdí aṣọ, kò sì ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Nínú fíríìjì yẹn náà ni aró tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ máa ń wà. Ìgò rẹ̀ kò ga ju ìka lọ, òkè òkun ló ti ń wá, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké nítorí rẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ. Bí wọ́n bá gún aró náà sí eku lára, kò ní tàn. Wọ́n ti so ó lójú láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá gbọgbẹ́, ara máa ń rán èròjà kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gé nǹkan wẹ́wẹ́ bí àlùmọ́gàjí. Bó bá ti ń gé káàkiri, á gé okùn tí wọ́n fi so aró lójú pẹ̀lú, aró á sì là. Dókítà á fi ọ̀rá dúdú bo fèrèsé, á tan tọ́ọ̀ṣì oníná búlúù sí ẹsẹ̀ eku, á sì wò ó láti inú awò ojú aláwọ̀ ọsàn. Ibi tí àlùmọ́gàjí bá ti ń ṣiṣẹ́ á máa tàn bí ojú ológbò, àwọ̀ ewé tútù.

Adéòjó ló máa ń di eku mú. Awò wà lójú òun náà. Gbogbo ohun tí Dókítà ń rí ló ń rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í léèrè pé kí lo rí. Òun náà wá ṣe ìṣirò tirẹ̀ sínú. Eku tí ara rẹ̀ dá kì í tàn. Eku tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ló ń tàn. A jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ikú ẹsẹ̀. Ibi tó bá tàn dé ni ikú rìn dé.

Lọ́jọ́rú, ó ń se omi ẹ̀bà nírọ̀lẹ́. Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Agbowa láti ọjọ́ mẹ́wàá, Lateefah ọmọ wọn bímọ síbẹ̀. Adéòjó di ìkòkò mú lórí sítóòfù, ó ń wo omi bó ṣe ń hó, òórùn ẹran tí iná jó sì gba imú rẹ̀. Ó ní ta ló ń sun ẹran ládùúgbò. Ó wo ojú fèrèsé. Ó wo inú ìkòkò, omi lásán ni. Òórùn náà ń le sí i. Ìgbà tó bojú wolẹ̀ ló rí i pé ọmọńdinrín òun ló wà lára irin sítóòfù, awọ rẹ̀ ti funfun, ó ti ń ṣí. Kò dùn ún rárá. Ì bá dùn ún, ì bá yọ̀.

Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ọwọ́ náà títí omi fi gbẹ nínú ìkòkò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi àkísà di ọwọ́ náà kó tó sùn, kì í ṣe nítorí egbò iná. Eku kẹjọ ló ń rò. Ẹ̀rù ń bà á pé oorun lè gbé òun lọ, kí òun sì jí kí ìka má sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Dókítà gún eku méje ní aró. Ó kù díẹ̀ nínú ìgò, bí omi ojú. Iṣẹ́ Adéòjó ni láti da èyí tó bá kù sínú omi tó ń pa kòkòrò. Kò dà á nù. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni: fún iṣẹ́ ìwádìí nìkan, kì í ṣe fún ènìyàn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rá wé ìgò náà, ó tì í bọ inú fúláàsì tí yìnyín wà. Dókítà ní ìpàdé l'Ékòó ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sì ní sẹ́ni nílé ìwádìí. Láàárọ̀ Jímọ̀ náà, Adéòjó mú tọ́ọ̀ṣì búlúù àti awò ojú mọ́ ọn, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gba Ìtókín lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Àsíátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá wọn máa ń sín gbẹ́rẹ́ fún àwọn tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ wọn bá kú, Àsíátù sì jogún abẹ náà. Adéòjó kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan láti fi abẹ́rẹ́ gún ènìyàn, kò sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, nǹkan tó bá wà lábẹ́ awọ, gbẹ́rẹ́ ni ọ̀nà tí oògùn ń gbà bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ.

Àsíátù fọ ọwọ́ ẹja kúrò lọ́wọ́, ó gbé ìgò náà sókè síbi tí oòrùn gbà wọlé.

“Kí lo ní kí n máa pè é?”

“Aró ni.”

“Aró àdìrẹ?”

“Aró òyìnbó. Kì í wo nǹkan sàn. Ó kàn ń fi hàn ni.”

“Oògùn tí kì í wo nǹkan sàn, kí la ń sín in sí?”

“Kí n lè mọ ibi tó dé, ẹ̀gbọ́n.”

Àsíátù wo ìka tó ká wọlé náà, ó wo egbò iná tó wà lára rẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kò bi ọ̀gá rẹ̀. Adéòjó ní òun kì í bi í ní nǹkan.

“Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn náà?” Àsíátù mi orí. “Àgbébọ̀ tó ṣá ọ jẹ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, o ò fẹnu kan ẹyin rẹ̀ títí wọ́n fi pa á. Tí wọ́n pa á tán ńkọ́? O ò jẹ ọbẹ̀ rẹ̀.”

Ó ṣí abẹ tuntun nínú bébà rẹ̀. Láti ìgúnpá ló ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Adéòjó yíjú sógiri, ó ń fi ara ka abẹ náà bó ṣe ń bọ̀. Ó mọ ti ìgúnpá. Ó mọ ti àárín apá. Nígbà tó yá, kò mọ nǹkan kan mọ́. Ó rò pé Àsíátù ti ṣíwọ́. Ó yíjú padà, abẹ ṣì ń lọ ní etí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ kíkíkí, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lé òun lórí itan. Ó tún yíjú sógiri.

Àsíátù fi àtàǹpàkò ra aró náà wọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dúró fún wákàtí méjì, nítorí Adéòjó ní bó ṣe máa ń rí fún eku nìyẹn. Wọ́n fi omi ṣan apá náà. Nígbà tí wọ́n kí ìrun Àsárì tán, wọ́n fi tapólì bo fèrèsé, wọ́n fi ìró dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Oòrùn ń ràn lóde, àwọn obìnrin ń ná ẹja nítòsí, ṣùgbọ́n nínú yàrá, ènìyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Adéòjó gbé awò sójú, ó tan tọ́ọ̀ṣì.

Apá náà tàn.

Kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan. Láti ìgúnpá ni. Ìmọ́lẹ̀ tútù yẹn wá láti ìgúnpá, ó wú káàkiri, ó ń da pọ̀ mọ́ra, ó ṣàn kọjá ojú egbò, ó gba etí àtẹ́lẹwọ́ lọ bá ọmọńdinrín. Ó ti wo ẹsẹ̀ eku tó lé ní ọgọ́ta, kò sí èyí tó tàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó rò pé ó mọ ní ìka méjì ti jẹ apá náà dé ìdajì, ó sì ń gòkè. Ó rò ó pé bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti dé èjìká. Lẹ́yìn èjìká, àyà ló kù.

Ó bọ́ awò náà, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àsíátù gbé e sójú, ó wo apá náà. Ó ní ọkùnrin kan wà létí ọ̀sà tí wọ́n gé apá rẹ̀ ní ìgúnpá, ó ṣì ń tún àwọ̀n ṣe, eyín ló fi ń fa okùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu ènìyàn nínú. Ó na ọwọ́ láti gba tọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ náà sì kọjá nínú iná búlúù.

Àtàǹpàkò Àsíátù ń tàn.

Ojú kan ni, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n ó ń tàn bí ti Adéòjó. Ó fi aṣọ nù ún, ó ń tàn. Ó fi itọ́ pa á, ó ń tàn. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó di àtàǹpàkò náà mú ní ọwọ́ kejì bí ẹni di ọrùn ejò mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kékeré ka àwọn tí òun ti fi ọwọ́ yẹn bu oúnjẹ fún láti àárọ̀.

“Ó ti ràn mí, Adéòjó.”

Àsíátù na àtàǹpàkò náà sí i.

“Pe obìnrin náà.”

Adéòjó kò yọ fóònù lápò.

“Ṣé o fẹ́ kí n kú nítorí ìgò?”

Ó pè é. Ọwọ́ òsì ló fi tẹ fóònù, ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Dókítà gbé e, Adéòjó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti orí páànù dé orí àtàǹpàkò, kò sinmi, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sinmi, òun kò ní lè tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí Dókítà bi í kò sí nínú gbogbo èyí tó ń retí. Ó ní ṣé ẹ ń mí dáadáa?

Ìyẹn ló dẹ́rù bà á jù. Kò rò ó rí pé aró fúnra rẹ̀ lè pani. Dókítà ní kí àwọn méjèèjì máa mu omi, kí wọ́n má pínyà, kí wọ́n sá lọ sí ọsibítù tí ara bá ń yún wọn tàbí tí àyà bá fún wọn, kí wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lówùúrọ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń gbọ́ èémí ara wọn, bí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á dìde jókòó.

Dókítà ti ń dúró dè wọ́n nílé ìwádìí, kò kun àtíkè, bàtà ilé ló wọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ àyà wọn, ó wo ojú wọn, ó wo ahọ́n wọn, ó ní wọ́n máa tọ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò kíndìnrín. Ìgbà tó ṣe ìyẹn tán ló tó bi Adéòjó léèrè.

“Bàbá Lateefah, ẹ ò ka ohun tó wà lára ìgò ni?”

“Mo kà á.”

Ó wò ó.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, Dókítà.”

Dókítà yíjú. Ó fi ọ̀rá dúdú bo fèrèsé, ó gbé awò sójú, ó sì tan iná búlúù sí apá náà. Adéòjó kò wò ó. Ojú Dókítà ló ń wò, bí àwọn tó wà ní kóòtù ṣe ń wo ojú adájọ́. Dókítà gbé bébà sítòsí, ó ń fi báírò fa ìlà kéékèèké sórí rẹ̀, ọ̀kan fún ojú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Àsíátù pé kí ló gún un ní àtàǹpàkò. Àsíátù ní ẹ̀gún ẹja ni, láàárọ̀ àná, kí Adéòjó tó dé.

Dókítà tan iná yàrá. Ó gbé bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá.

“Ẹ bá mi kà á.”

Adéòjó kà á. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

“Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo sín,” Àsíátù ní.

Adéòjó wo bébà, ó wo apá, ìlà kọ̀ọ̀kan wà níbi tí abẹ gbà. Dókítà ní aró kò mọ iṣan yàtọ̀ sí awọ. Ibikíbi tí ara bá gbọgbẹ́ ni àlùmọ́gàjí yẹn ń lọ, ì báà jẹ́ páànù ló gé e, ì báà jẹ́ abẹ, ì báà jẹ́ ẹ̀gún ẹja. Ohun tí wọ́n rí ní Ẹ̀pẹ́, gbẹ́rẹ́ ni wọ́n rí. Nǹkan kan kò gun apá lọ, nǹkan kan kò ran ẹnikẹ́ni.

Àsíátù bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú. Ó ní òun ti ń pín aṣọ òun fáwọn ọmọ lọ́kàn. Adéòjó kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni aró wá sọ nípa ìka òun.

“Kò sọ nǹkan kan,” ni Dókítà wí. “Kò dé ibẹ̀.”

Ó mú abẹ́rẹ́, ó ní kí Adéòjó di ojú. Ó ń gún un, ó ń bi í. Ní àtàǹpàkò, ó mọ̀ ọ́n. Ní ìka àárín, ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ó ń retí kí Dókítà máa gún un lọ. Ó ní, “Mo ń gbọ́ o, ẹ gún un.” Ìgbà tó lajú, abẹ́rẹ́ náà wà lórí ìdúró nínú ọmọńdinrín rẹ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ̀rù tòótọ́ wá bà á, nítorí kò sí iná búlúù kankan tí yóò tún purọ́ fún un. Dókítà ṣàlàyé fún un láìgé kúrú. Páànù ti gé iṣan náà, orí méjèèjì ti jìnnà síra wọn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá là á kó so wọ́n pọ̀, ẹran inú ọwọ́ á máa gbẹ lọ, ìka á ká pátápátá, kò sì ní ṣí mọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti lọ. Bó bá pẹ́ sí i, okùn á wà, ṣùgbọ́n kò ní sí nǹkan tí yóò so. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tí Adéòjó ń pè ní ikú, kì í ṣe ikú nìkan. Àlùmọ́gàjí yẹn ló ń ro ọ̀nà kí iṣan tuntun lè kọjá, eku kẹrin tó tàn ju gbogbo wọn lọ ti ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Adéòjó ní òun rí i pé ó ń tẹlẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun.

Dókítà jókòó. Ó ní òun rí ìgò yẹn lọ́jọ́ náà gan-an.

“Mo mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà.”

“Ojú ló tì mí, sà. Ẹ má bínú.”

“Ẹ sọ tọjọ́ náà lójú àlejò mẹ́fà,” ni Adéòjó wí. “Tòní, ojú eku lẹ ti ń sọ ọ́.”

Àsíátù gbá a lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Dókítà ní òótọ́ ni. Ó mú fóònù, ó pe oníṣẹ́ abẹ kan tó mọ̀ ní Èkó, ó sì sọ orúkọ Adéòjó fún un ní kíkún.

Àyẹ̀wò kíndìnrín dára. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n la apá náà. Oníṣẹ́ abẹ ní orí iṣan méjèèjì ti ta kókó, àlàfo tó wà láàárín wọn sì tó ìbú ìka. Ó gé kókó náà kúrò, ó yọ iṣan kékeré kan ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Adéòjó, ó fi ṣe afárá. Ó ní òun ti so ó. Ó ní òun kò ṣèlérí.

Ohun tó kù ni dídúró. Dókítà kọ́ ọ pé iṣan tuntun ń hù láti òkè wá sísàlẹ̀, díẹ̀ ló fi yá ju irun orí lọ, ibi tí orí rẹ̀ bá dé, bí ènìyàn bá fi ìka lù ú lórí awọ, á ta wìnnì bí iná NEPA. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Dókítà á fi ìka lu apá náà láti òkè wá, ibi tó bá ta á, á fi báírò sàmì síbẹ̀. Fún oṣù kan gbáko, kò ta níbì kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ta á lórí ojú àpá gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ojú kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ojú kan náà. Adéòjó rí bí Dókítà ṣe tẹ báírò mọ́ àmì tó ti wà níbẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé afárá ti dí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń di eku mú. Wọ́n bù ú jẹ nígbà mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, kò fẹ́ gbé apá náà sórí tábìlì. Ó ní ọwọ́ òun kún. Dókítà ní òun á dúró. Adéòjó ṣe gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ tán, ó tún ilẹ̀ tó mọ́ gbá, Dókítà ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Ó wá jókòó, ó yíjú sí ògiri.

Ìka Dókítà lu àmì àtijọ́. Kò ta.

Adéòjó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́: ó ti tán. Ìka náà sún sísàlẹ̀. Kò ta. Ó tún sún. Ó ń rò bí òun yóò ṣe sọ fún Fọlákẹ́. Ìka náà lù ú nísàlẹ̀ àpá, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, iná sì ta láti ibẹ̀ lọ sínú ọmọńdinrín, ó fa apá náà já mọ́ àyà, orúnkún rẹ̀ gbá tábìlì.

Dókítà fi báírò wọn ọ̀nà náà. Ó tó ìbú èékánná méjì. Ó ní ọ̀nà ṣì jìn, ó lè gba ọdún kan kí ìka tó mọ nǹkan, tí kò bá dúró lọ́nà. Adéòjó kò gbọ́ èyí tó ṣáájú, “tí kò bá dúró lọ́nà” nìkan ló gbọ́. Ó gbé apá náà padà sórí tábìlì. Ìyanu ibẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ wà lára Dókítà, kò yíjú mọ́.

“Ẹ tún un lù.”

Ó lù ú. Ó dùn ún dé eyín.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ tún un lù.”